Ìnujú Méjìlá Olówùú Pupa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Òru méje gbáko ni iná òfurufú yóò máa bú lórí adágún nígbà àjọ̀dún ọdún yìí, nítorí pé ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún tó kọjá, òru kan péré ni, ọjọ́ mẹ́fà ni olówó orí mi sì fi sùn nílé ìwòsàn pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nínú imú. Mo dúró níwájú ìwé náà, mo ń fi ìka ṣírò: bí òru kan bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, mélòó ni òru méje máa jẹ́? N kò parí ìṣirò náà. Bí mo ṣe wà yẹn, tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, mo wọlé tọ akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ.

Akọ̀wé ní, "Ìyá alágbàfọ̀, gbogbo ayé ló fẹ́ràn iná yìí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ pé èéfín rẹ̀ ń ṣe èèyàn."

Mo ní, "Èmi nìkan kọ́. Ọkọ mi náà ń sọ ọ́, ìgbà tó bá rí èémí sọ ọ́ ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e mì. "Ẹ mú ẹ̀rí wá. Ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún, lẹ́yìn òru tí a máa fi ṣí àjọ̀dún, kí òru mẹ́fà yòókù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tá a lè fojú rí o, kì í ṣe ẹkún."

Ẹ̀rí tí a lè fojú rí. Mo ń tún un sọ lọ́nà títí mo fi délé. Olówó orí mi kò gbójú kúrò lára aago tó ń tún ṣe. Ó ní bí mo bá fẹ́ bá ìgbìmọ̀ fà á, kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé bí inú bá ti ń bí mi, mo máa ń gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀. Ó fa ìwé yìí yọ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Òjò látàárọ̀. Aṣọ ilé ìtura kò gbẹ. Ọṣẹ tún ti gbówó lórí. Ẹ̀rí kankan kò wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti rí i, tàbí kí n sọ pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló bá mi rí i. Ó kó ẹ̀wù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ wá fún fífọ̀. Mo ń ráhùn fún un pé lọ́dún tó kọjá, aṣọ ibùsùn ogójì tí mo sá sórí òrùlé lóru àjọ̀dún ni mo tún fọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé eérú ti bà sí wọn lára. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò mí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn? Aṣọ funfun tó wà níta máa ń gba ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ìyá, ẹ̀rí yín ti ń fẹ́ lórí okùn láti ọdún tó kọjá."

Ó ní kí n gé aṣọ kan náà sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kan náà, kí n sá ìdajì lóru lásán, kí n sá ìdajì lóru iná, síbi kan náà, fún wákàtí kan náà. Ó ní bí mo bá mú ti òru iná nìkan lọ, wọ́n á ní eruku ọ̀nà ni. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ara mi ń yá gágá. Ogójì ọdún ni mo ti ń bá ìdọ̀tí jà, n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi àti ìdọ̀tí máa jọ lọ sílé ẹjọ́ ní apá kan náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Mo gé aṣọ ibùsùn ògbólógbòó kan sí ìnujú mẹ́rìnlélógún. Mo gán òwú búlúù sí igun méjìlá, mo gán òwú pupa sí igun méjìlá yòókù, bí a ti máa ń ṣe sí ẹrù oníbàárà kí ti ẹnì kan má baà wọ ti ẹlòmíràn.

Màámi jókòó sórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, wọ́n ń wò mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọwọ́ wọn kò lè gbé áyọ́ọ̀nù pẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó láyà láti gba bàsíà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ni oníbàárà tuntun tó ní ìnujú tó pọ̀ báyìí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Màámi."

"Kí ló ń nù?"

Ẹ̀rín pa olówó orí mi débi pé ó wá ínhélà tó fi ń rí èémí. Nírọ̀lẹ́, mo sá àwọn olówùú búlúù: mẹ́rin sórí òrùlé wa, mẹ́ta sí ọgbà ilé ìwòsàn, mẹ́ta sí ilé ẹ̀kọ́, méjì sí èbúté adágún níbi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ wọn mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Mo kó wọn wálé. Wọ́n funfun, àfi ẹyọ kan ní èbúté tí lékeléke yàgbẹ́ sí lára. Olùkọ́ ní kí n má nù ún, pé ẹ̀rí ni ìgbẹ́ náà. Mo kó wọn sínú àpò ìwé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mànàmáná wá. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, òun náà ló ń ṣe iná òfurufú fún ìlú. Ẹnìkan ti sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹun. Ṣé ẹ fẹ́ kébi pa mí ni?"

Mo ní, "N kò bá iṣẹ́ rẹ jà. Èéfín rẹ ni mò ń bá jà."

"Ẹ sọ ọ́ bíi pé mo lè ṣe ọ̀kan láìsí èkejì."

Ó ní òun ti rí àwọ̀ ewé kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ọdún mẹ́ta lòun fi wá a, ọdún ọgọ́rùn-ún yìí lòun sì pa á mọ́ dè. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń tàn. Ká má purọ́, iná yẹn dára. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń gbé e kọ́rùn kó lè rí i. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dìde, ó kí Màámi, ó jáde, kò yà kí ọkọ mi nídìí aago. Ọ̀rọ̀ yẹn dun olówó orí mi ju òru méje lọ, nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà bí ojú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ewé Mànàmáná ti gba ojú ọ̀run. Mo ti fi aṣọ tútù dí gbogbo fèrèsé. Ó ti fa ínhélà lẹ́ẹ̀mejì. Ìnujú méjìlá olówùú pupa wà níta, ní ojú ibi tí àwọn tàkọ́kọ́ wà gẹ́lẹ́. Àyà mi ń lù kì-kì-kì ju bángà lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gun òrùlé. Ìnujú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di aláwọ̀ eérú. Mo fi ìka kan ọ̀kan, ìka mi dúdú. Mo sáré dé ilé ìwòsàn, bákan náà. Mo sáré dé ilé ẹ̀kọ́, bákan náà. Ní èbúté, àwọn méjèèjì ti rí bí aṣọ ìnukòkò, bébà jíjó lẹ̀ mọ́ wọn lára. Gbogbo etí omi kún fún páálí àti ìdérí oníke, apẹja kan ń yọ wọ́n lójú àwọ̀n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣépè. Lékeléke kan ṣoṣo kò sí lórí igi. Àwọn ẹyẹ tó ń funfun láìlo búlúù ìfọṣọ yìí, wọ́n ti kó lọ.

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́, ó sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè parọ́ fún ìwé tèmi: mo ń jó lọ́nà ilé. Olùkọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó to olówùú búlúù àti olówùú pupa síra, ó ní nínú gbogbo ọdún tóun ti ń kọ́ ọmọ, òun kò rí ẹ̀rí tó mọ́lẹ̀ báyìí.

Nígbà tí mo délé, olówó orí mi wà nídìí àtẹ̀gùn òrùlé. Ó fẹ́ wá wò ó pẹ̀lú mi. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀, ó jókòó sórí ẹ̀kẹrin, àyà rẹ̀ ń súfèé. Mo ju àpò ìwé méjèèjì sórí tábìlì tó wà nítòsí, mo dì í mú, a lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dá wa sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Dókítà ní irú òru mẹ́fà bẹ́ẹ̀ sí i, òun kò ní lè ṣèlérí ohunkóhun fún mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Orí tábìlì ẹrù ìdọ̀tí ni mo jù wọ́n sí. Ohunkóhun tó bá dé orí tábìlì yẹn nílé wa, fífọ̀ ni.

Mo dé láti ilé ìtura láàárọ̀ yìí, mo rí ìnujú mẹ́rìnlélógún lórí pákó ìlọṣọ, wọ́n funfun báláú, wọ́n ní sítáàṣì, wọ́n ká wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin. Màámi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àwọn olówùú pupa yẹn fojú mi rí màbo. Mo fi búlúù sí i kẹ́yìn kó tó gbọ́rọ̀."

N kò mọ ohun tí mo sọ. Mo mọ̀ pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé mo sọ pé, "Màámi, ẹ ti fọ ọkọ mi dànù." Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi. Wọ́n wọ yàrá, wọn kò jẹun ọ̀sán, wọn kò jẹ talẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Àwa alágbàfọ̀ ni. Àwa alágbàfọ̀ ni o.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Màámi láàárọ̀. Wọ́n ti jí, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé o ti da omi rẹ̀ nù?"

"Omi wo?"

"Omi àkọ́fọ̀."

Ilé yìí kì í da omi àkọ́fọ̀ nù. A máa ń fi í sílẹ̀ kó tòrò, kí a fi ojú rẹ̀ fọ ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ti fò dìde, ṣùgbọ́n ìrètí mi tún já lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Màámi, ẹ ti pò wọ́n pọ̀ mọ́ra. Omi kan náà kò lè jẹ́rìí nǹkan méjì."

Màámi yíjú sí mi nígbà yẹn, ìbínú tòótọ́ wà lójú wọn. "Ìgbà wo ni òwú pupa bá òwú búlúù wọ omi kan náà rí nílé mi?"

Mo sáré débi pé bàtà mi kan ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Korobá méjì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Màámi ti so òwú búlúù mọ́ ọwọ́ ọ̀kan, wọ́n so òwú pupa mọ́ ọwọ́ èkejì. Nínú ti búlúù, mo rí ìsàlẹ̀ korobá. Nínú ti pupa, ẹrọ̀fọ̀ dúdú ga tó ìbú ìka mi, ó ń dán yinrin-yinrin.

Mo pariwo orúkọ olówó orí mi títí àwọn aládùúgbò fi yọjú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Olùkọ́ wá pẹ̀lú ìwé kékeré, ó bi Màámi ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Ọṣẹ mélòó? Ọṣẹ kan, tí wọ́n fi òwú gé sí méjì ọgbọọgba. Omi ńkọ́? Abọ́ mẹ́jọ fún èyí, abọ́ mẹ́jọ fún ìyẹn. Ìgbà mélòó ni wọ́n fi ọwọ́ ra á? Màámi ní wọ́n kì í ka ìyẹn, ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ bọ́ fìlà. Ó ní àwọn tó kàwé ju òun lọ kì í ṣe é dáadáa tó báyìí.

Ó bu ẹrọ̀fọ̀ díẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí iyọ̀ inú ọṣẹ má baà dí i lọ́wọ́, ó kán ásíìdì sí i, ó fi ṣóńṣó wáyà kan án, ó fi wáyà náà sínú iná. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí òun rí títí di ọ̀la. Ìwé, mi ò ní sọ fún ìwọ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Gbọ̀ngàn kún. Mànàmáná jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kò wo ẹ̀gbẹ́ wa. Mo gbé ìgò méjì sórí tábìlì Alága: omi búlúù, omi pupa. Mo ṣàlàyé. Ohùn mi le nígbà tí mo dé ibi tí olówó orí mi ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹrin.

Alága gbé awò rẹ̀ sókè. Obìnrin tó máa ń fa ọ̀rọ̀ tu ni. "Màámi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ fọ ẹ̀rí?"

Màámi dìde. "Mo fọ̀ ọ́. Ó dọ̀tí."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, Alága pàápàá. Akọ̀wé ní kò sí ohun tó fi hàn pé ẹrọ̀fọ̀ yẹn kì í ṣe eruku mọ́tò. Olùkọ́ ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ohun tó ń fún iná òfurufú ní àwọ̀ kì í ṣàì yọjú nínú iná, eruku mọ́tò kò sì ní i; ó tan àtùpà kékeré, ó ní kí wọ́n ti fèrèsé. Ó fi wáyà kan ohun tó ti ṣàn látinú ìgò búlúù, ó tì í bọ iná: iná lásán. Ó fi kan ti ìgò pupa. Iná náà yí padà sí àwọ̀ ewé, kékeré, ó mọ́ rekete, ó sì tún kú.

Mànàmáná ló dìde.

Ó ní, "Àwọ̀ mi nìyẹn."

Akọ̀wé fẹ́ dá a lẹ́kun, Alága gbé ọwọ́ sókè.

"Kò sí ẹlòmíràn tó ní i. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá a. Ojú ọ̀run ni mo rò pé ó ń kú sí." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi gbé ọsàn wá bá yín nílé ìwòsàn, èéfín ṣì ń rùn lára ẹ̀wù mi. Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé n kò mọ̀ ni. Ohun tó bá ojú ló bá imú, ohun tó bá yín ti bá èmi náà."

Olówó orí mi tẹ orí ba. Mo kọ́kọ́ rò pé èémí ló wọ́n ọn, àṣé ẹkún ni.

Wọ́n bi Mànàmáná ohun tó lè ṣe. Ó ní: òru kan ṣoṣo, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí, ìṣẹ́jú méje, láti orí pákó ní òdìkejì adágún, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa nìkan. Kò sí bángà, kò sí oníke, ètù tí èéfín rẹ̀ fúyẹ́. Àwọ̀ ewé yẹn kò ní jáde. Mo mọ ohun tó ná an láti sọ ìyẹn. Alága gbà, ó sì fi tirẹ̀ kún un: kí a sá ìnujú méjìlá lóru náà. Bí wọ́n bá dúdú bí ti òwú pupa, kò ní sí iná lọ́dún tó ń bọ̀ rárá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mànàmáná wá jókòó ti olówó orí mi nídìí aago. Wọ́n ń jiyàn lórí ìṣẹ́jú méje: báwo lèèyàn ṣe ń tò ó kó lè gùn lójú. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi ọṣẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa tààrà. Mo ń wo aṣọ lórí okùn bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

Ó ṣì ń fẹ́ wá. Mànàmáná ní bó bá ṣe báyìí lọ́la, òun kò ní ṣáná. Ó sọ ọ́ láìbínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo aṣọ orí okùn yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n nà sí ìhà adágún. Mo pariwo. Màámi ní kí n rọra, pé aṣọ oníbàárà ni.

Màámi fúnra wọn ló gán òwú yẹ́lò sí ìnujú méjìlá tuntun. Aṣọ tútù kan wà lọ́wọ́ mi fún fèrèsé, olówó orí mi ní kí n ṣí i sílẹ̀ díẹ̀, òun fẹ́ wò ó. Mo fẹ́ kọ̀. Mo ṣí i.

Ìṣẹ́jú méje. Wúrà lásán, ó ń rọ̀ sílẹ̀ láìpariwo, omi gba gbogbo rẹ̀ sójú. N kò tíì rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí gbogbo wọn. Olówó orí mi di ínhélà mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fà á.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá

Olówó orí mi hanrun mọ́jú. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń ráhùn nípa ìhanrun yẹn rèé, àárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ jókòó tì í tí mo ń gbádùn rẹ̀.

Alága wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé. A to ìnujú sórí tábìlì, wọn kò mọ́ tónítóní o. Àmì eérú mẹ́ta wà lára ti òrùlé wa, ti èbúté ní díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alága gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó béèrè ohun tí apẹja sọ. Mo ní wọ́n ti ṣa páálí tó kù kí oòrùn tó yọ, pé lékeléke mẹ́rin ló ti padà sórí igi. Akọ̀wé kọ mẹ́rin sílẹ̀. Alága ní báyìí ni wọ́n máa ṣe é lọ́dọọdún, wọ́n á sì máa fi ìnujú wò ó.

Màámi dúró nítòsí látìgbà tí wọ́n ti dé, bàsíà wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́yìn wọn. Bí àlejò ṣe jáde tán, wọ́n ní, "Ṣé mo lè fọ̀ ọ́ báyìí?"

Ìyá mi ń tọrọ àyè láti fọṣọ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ máa fọ̀ ọ́, Màámi."

Kò pẹ́. Mo ń bá akápò ilé ìtura sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo rí i pé bàsíà ìnujú ti kúrò nílẹ̀. Mo yíjú. Olówó orí mi ló gbé e, ó ti ń gun àtẹ̀gùn òrùlé. Mo fẹ́ pè é padà, mo fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀gùn lábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀kẹrin. Ìkẹwàá. Ó yí bàsíà sí apá kejì ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ń lọ. Ìkọkànlélógún.

Ohùn rẹ̀ wá láti òkè, ó dún gbangba: "Okùn wo ni kí n sá a sí?"